Onídùúró Adúmáadán

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí wọ́n bá pe ẹnikẹ́ni nínú yín lọ́la pé kó wá sọ ohun tó mọ̀ nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí Afínjú kí ẹ tó la ẹnu. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́ fún yín. Ó jókòó síwájú mi, ó ń fi etí ìborùn nu ojú, ó ní, "Má bá mi bo nǹkan kan. Sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an."

Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn kan ni òun àti Adúmáadán ti pàdé. Ìsàlẹ̀ ilé ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí ooru ẹ̀rọ kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀ bóyá òjò ń rọ̀ lóde. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ká aṣọ ibùsùn. Ẹni méjì ló máa ń ká ọ̀kan. Wọ́n á di igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú, wọ́n á nà án gbọnrangandan, wọ́n á rìn pàdé ara wọn, wọ́n á tún padà sẹ́yìn.

Afínjú ni wọ́n ń pe èyí àgbà, nítorí bí aṣọ bá fi wọ́ díẹ̀ báyìí, àfi kó tú u palẹ̀ kó tún un ká. Adúmáadán ni wọ́n ń pe èyí àbúrò, torí àwọ̀ rẹ̀ tó dúdú, tó sì ń dán bí ẹni fi òróró pa á. Ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, ìlú àjèjì ni wọ́n wà. Kí ni wọ́n tún ń wá? Kò pẹ́ tí Adúmáadán fi kó ẹrù rẹ̀ wá sílé Afínjú, yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n fi kọ́tìnì pín sí méjì. "Ẹ̀gbọ́n mi" ló ń pe Afínjú. Afínjú kò bímọ rí, kò sì ní ọmọ ìyá kankan tó kù láyé. Ó ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Adúmáadán pe òun bẹ́ẹ̀, òun wọ ilé ìwẹ̀ lọ sunkún.

Adúmáadán ní ọmọbìnrin kan nílé, sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ló fi í sí. Ọmọge ni wọ́n ń pe ọmọ náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n á gbé fóònù sórí tábìlì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì jọ máa sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, ṣé mọ́mì mi ń jẹun dáadáa?"

"Tiẹ̀ nìkan kọ́ o, ó ń jẹ tèmi mọ́ ọn!" ni Afínjú á wí, gbogbo wọn á sì bú sẹ́rìn-ín.

Ohun kan ṣoṣo ni Adúmáadán ń fẹ́: kí òun di ọmọ ìlú, kí òun sì mú ọmọ òun wá. Ìlú náà sì ní òfin tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ di ọmọ ìlú gbọ́dọ̀ ti gbé ibẹ̀ fún iye ọdún tí ìjọba là kalẹ̀, láìjẹ́ pé ó lọ gbé níbòmíràn. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè wọn, kó mọ ìtàn wọn, kó má sì ní ẹjọ́ lọ́rùn. Ó tún gbọ́dọ̀ ní onídùúró, ẹni tó ti di ọmọ ìlú ṣáájú rẹ̀, tó mọ̀ ọ́n dénú, tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé èèyàn gidi ni. Bó bá yege, ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún lè tẹ̀ lé e wọlé. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti pé e pẹ́nrẹ́n, ó ti di àgbàlagbà nìyẹn. Ó di kó lọ tò sẹ́yìn bí àwọn àlejò yòókù, fún ọdún gbọọrọ.

Ọmọge sì ti ń sún mọ́ ọn.

Afínjú ti di ọmọ ìlú ní tirẹ̀. Òun ló kọ́ Adúmáadán lẹ́kọ̀ọ́ ìdánwò náà lẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n bá ti ń rìn pàdé ara wọn pẹ̀lú aṣọ ibùsùn lọ́wọ́, á bi í ní ìbéèrè. Bí wọ́n bá ń padà sẹ́yìn, Adúmáadán á dáhùn.

"Ta ló ń ṣòfin?"

"Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin!"

"Ta ló ń dájọ́?"

"Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n mi! Ṣé ẹnì kan tún ń dájọ́ nílé yìí lẹ́yìn yín ni?"

Ọ̀gá ilé ìfọṣọ, obìnrin arúgbó kan tí kò gbọ́ èdè wọn, á yọjú wo ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀.

Adúmáadán yege ìdánwò náà. Nígbà tí wọ́n ní kó fa onídùúró kalẹ̀, kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ̀yin náà ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ta ni mo tún ní?"

"Ìyẹn náà lo tún ń bi mí!" ni Afínjú fi dá a lóhùn. Inú rẹ̀ dùn dé ìdí.

Ohun tó wá ba nǹkan jẹ́ kò ju ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Afínjú tètè ti ibi iṣẹ́ dé. Adúmáadán wà lẹ́yìn kọ́tìnì, ó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò mọ̀ pé ẹnì kan ti wọlé.

"Ẹ má dààmú, màámi," ló ń sọ. "Àyè máa wà fún un. Rárá o, kì í ṣe ẹbí wa. Obìnrin kan tí a jọ ń gbé ni. Bí Ọmọge bá ti dé, obìnrin náà á wá ibòmíràn lọ."

Afínjú dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin kan! Òun tí òun fún un nídajì yàrá òun, tí òun jókòó tì í nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀! Ó rọra tún jáde. Ó rìn yí àdúgbò ká títí tí ẹsẹ̀ fi ń dùn ún, kó tó padà wá kan ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ bí àlejò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀! Ṣé ẹ gbàgbé kọ́kọ́rọ́ ni?"

"Mo gbàgbé ẹ̀," ló wí. Kò wo ojú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ó bi í léèrè lójú ẹsẹ̀ ni, bóyá n kì bá tí ní ìtàn kankan láti sọ fún yín. Kò bi í. Ó gbé e sínú. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tí Adúmáadán ṣe tí kò ní ìtumọ̀ mìíràn lójú rẹ̀. Adúmáadán ra ibùsùn kékeré kan. Afínjú ní, wọ́n ti ń lé mi nìyẹn. Adúmáadán ń fi okùn wọn ògiri. Afínjú ní, àyè ibi tí mò ń sùn ló ń wọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n mi, irú ọ̀dà wo lẹ rò pé ó máa wu ọmọdébìnrin?"

"Bi ẹni tó máa máa sùn níbẹ̀."

Adúmáadán rò pé àwàdà ni. Ó rẹ́rìn-ín.

Afínjú búra fún mi pé kò wá sí òun lọ́kàn rí láti ba tiẹ̀ jẹ́. Ohun tí òun ń fẹ́ kò ju kí nǹkan falẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n jọ máa gbé díẹ̀ sí i, kí òun ní ẹni tó ń pe òun ní ẹ̀gbọ́n fún ìgbà díẹ̀ sí i. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra fún "díẹ̀" yẹn o.

Àsìkò oúnjẹ ọ̀sán ni fóònù náà dún. Afínjú gbé e jáde sí ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ, níbi tí wọ́n ń to àwọn apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí sí. Akọ̀wé kan ni, láti ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn àlejò. Ohùn rẹ̀ tutù, kò kánjú.

"Màdáámú, wọ́n fi yín ṣe onídùúró. Kí ni ẹni yìí jẹ́ sí yín?"

Afínjú wo inú ilé láti ojú fèrèsé. Adúmáadán wà níbẹ̀ tó ń pín búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sí méjì, tó ń fi bébà wé èyí tó tóbi jù pa mọ́ fún un. Ó rí i. Ó ní kí n kọ ọ́ pé òun rí i kedere.

"Obìnrin kan tí a jọ ń gbé ni," ló sọ.

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa?"

"N kò lè sọ pé mo mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò kúrò nílùú yìí lọ gbé níbòmíràn?"

"Èmi ò lè mọ ìyẹn. Kálukú ló ń ṣe tiẹ̀."

"Ẹ ṣé, màdáámú."

Ó tán. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó padà wọlé, Adúmáadán sì na búrẹ́dì náà sí i.

"Ẹ tètè jẹ ẹ́, ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò ní pẹ́ pè wá síṣẹ́."

Ó gbà á. Ó jẹ ẹ́.

Kí wọ́n tó ṣíwọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ló ti kábàámọ̀. Ó gbé fóònù láti pe akọ̀wé náà padà, ó tún gbé e sílẹ̀. Kí ló máa sọ? Pé irọ́ lòun pa? Ṣé wọn ò ní gba ìwé ọmọ ìlú lọ́wọ́ òun náà? Ó ní òun á pè é lọ́la. Lọ́la dé, ó ní ó di ọ̀túnla.

Àwọn tí wọ́n jọ ṣèdánwò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìpè, wọ́n ń lọ búra, wọ́n ń ya fọ́tò. Adúmáadán nìkan ni ẹnikẹ́ni ò pè. Ó lọ béèrè lójú fèrèsé ọ́fíìsì náà, wọ́n ní àwọn ń wádìí ohun kan. Ó tún lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ló bá bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àbí mo ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ fún wọn ni?"

"Wọ́n máa ń pẹ́ bẹ́ẹ̀," ni Afínjú wí. "Tèmi náà pẹ́."

Irọ́ ni. Tirẹ̀ kò pẹ́ rárá.

Adúmáadán bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ó ń ká aṣọ láìsọ̀rọ̀. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, Ọmọge á béèrè láti orí fóònù, "Mọ́mì, ìgbà wo gan-an ni? Ara ìyá àgbà ò yá mọ́ o. Mo sì ti sọ fún gbogbo ọ̀rẹ́ mi pé mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín."

"Ó kù díẹ̀, ìyá mi." Adúmáadán á wo ojú Afínjú, bí ẹni ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun fi nǹkan kún un.

"Ó kù díẹ̀," ni Afínjú náà á wí.

Ọjọ́ kan wà tí wọ́n jọ ń tún ilé ṣe. Láìròtẹ́lẹ̀, Adúmáadán gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́. Ká ní kì í ṣe yín ni, orí mi ì bá ti dàrú nínú wàhálà yìí. Bí Ọmọge bá dé, ìyá méjì ló ní."

Afínjú ní ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n òun. Ó ku kí òun sọ ọ́ jáde.

"Dìde," ló sọ dípò rẹ̀. "Ilẹ̀ tutù."

Wọ́n wá ránṣẹ́ pe Adúmáadán níkẹyìn. Wọ́n ní kó mú onídùúró rẹ̀ dání. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi lọ yá bàtà.

"Bí wọ́n bá ti fojú kan yín báyìí, ọ̀rọ̀ bùṣe!"

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Afínjú dùbúlẹ̀, ó ní orí ń fọ́ òun, òun ò lè dìde. Adúmáadán bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wá, ó ń fi aṣọ rọ iwájú orí fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbìyànjú. Nítorí Ọmọge."

Ó dìde.

Yàrá kékeré kan ni wọ́n mú wọn wọ̀. Tábìlì kan, àga mẹ́ta, fèrèsé tó kọjú sí ògiri. Akọ̀wé tó jókòó síbẹ̀ wọ awò ojú. "Ẹ jókòó," ló wí, Afínjú sì dá ohùn náà mọ̀.

"Ìdánwò yín dára púpọ̀," ni akọ̀wé sọ fún Adúmáadán. "Ẹ kò sì ní ẹjọ́ kankan. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé onídùúró yín ní òun ò mọ̀ yín."

Adúmáadán rẹ́rìn-ín. "Rárá o, ọ̀gá. Àṣìṣe wà níbẹ̀."

"Ó ní ẹ kàn jọ ń gbé ni, pé òun ò mọ̀ bóyá ẹ ti kúrò nílùú rí."

"Nọ́ńbà ẹlòmíràn lẹ pè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò. Ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Àtìgbà tí mo ti dé ló ti mọ̀ mí. Nígbà tí ibà ń ṣe mí, òun ló ń fi ṣíbí fún mi lóúnjẹ. Òun ló kọ́ mi ní èdè tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Kò lè sọ bẹ́ẹ̀ láé." Ó yíjú sí Afínjú, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dá wọn lóhùn, kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn ló ṣì í."

Afínjú ń ká etí ìborùn rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

"Ẹ̀gbọ́n mi?"

Ó ń wo ilẹ̀.

Ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu Adúmáadán díẹ̀díẹ̀. Ó pẹ́ kó tó tán.

Ìgbà náà ni Afínjú kúnlẹ̀ gbì. "Ọ̀gá, irọ́ ni mo pa! Mo mọ̀ ọ́n, mo mọ̀ ọ́n tinú tòde, kò lọ ibì kankan rí! Ẹ gba ìwé tèmi, ẹ fún un!"

Akọ̀wé yọ awò ojú rẹ̀. "Màdáámú, èwo ni ká gbà gbọ́ nínú méjèèjì? A ò lè fi yín ṣe onídùúró ẹnikẹ́ni mọ́." Ó yíjú sí Adúmáadán, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ẹ óò wá onídùúró mìíràn, a óò sì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí náà látòkèdélẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ má fòyà. Ó kàn máa pẹ́ ni."

"Ọmọ mi ńkọ́?"

Akọ̀wé yẹ ìwé tó wà níwájú rẹ̀ wò, ó tún un yẹ̀ wò.

"Ó máa pé ọdún méjìdínlógún lóṣù tó ń bọ̀," ló wí. "Ẹ má bínú, màdáámú. Kò ní lè bá yín wọlé mọ́."

Ní ibùdókọ̀, bọ́ọ̀sì tó yẹ kí wọ́n wọ̀ dé, ó sì lọ. Kò sẹ́ni tó mira nínú wọn.

"Kí ni mo ṣe?" ni Adúmáadán béèrè. Kò pariwo.

"Mo gbọ́ ọ nígbà tí ò ń bá màmá ẹ sọ̀rọ̀. O ní obìnrin kan ni mí. O ní n óò wá ibòmíràn lọ."

Adúmáadán bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Ó ronú gan-an, bí ẹni tó fẹ́ ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti wá ohun tó sọnù.

"N kò rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀," ló wí níkẹyìn. "Ẹ̀rù ń ba màámi pé kí ọmọ má lọ há sáàárín àwọn tí a ò mọ̀. Ó ní láti jẹ́ pé mo kàn sọ ọ́ kí ọkàn wọn lè balẹ̀ ni." Ó wo Afínjú. "Ṣé torí ìyẹn ni, ẹ̀gbọ́n mi?"

Afínjú sọ fún mi pé ká ní ó gbá òun létí níbẹ̀, ara ì bá tu òun.

Lọ́jọ́ kejì, iṣẹ́ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n jọ ká aṣọ ibùsùn láàárọ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá rìn pàdé, tí ọwọ́ wọn kanra, Adúmáadán á fà sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. Kó tó di ọ̀sán, ó lọ bẹ ọ̀gá ilé ìfọṣọ pé kó fi òun sídìí ẹ̀rọ. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ló kó ẹrù rẹ̀ jáde. Kò bú Afínjú. Kò ṣépè. Ó ká kọ́tìnì náà, ó gbé e sórí àga, ó sì fa ilẹ̀kùn dé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ọ̀gá ilé ìfọṣọ ló padà ṣe onídùúró rẹ̀. Ìwádìí náà pẹ́. Àárín rẹ̀ ni ìyá Adúmáadán kú nílé, kò sì lè lọ sìnkú, torí ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá kúrò nílùú nígbà yẹn, wọ́n á tún rí nǹkan kan wí. Ó padà di ọmọ ìlú. Àwọn tó bá a lọ síbi ìbúra ní kò sunkún, kò sì rẹ́rìn-ín.

Afínjú wà nílé láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn gbogbo èyí, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

"Àǹtí, Ọmọge ni."

Ohùn ọmọ náà ti dàgbà. Afínjú dìde dúró. "Ọmọge... ṣé dáadáa lo wà?"

"Ẹ má bínú pé mò ń yọ yín lẹ́nu, Àǹtí. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè sọ òótọ́ fún mi. Ṣé mọ́mì mi tiẹ̀ fẹ́ kí n wá rárá?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Wọ́n ní ìjọba ló ní kò ṣeé ṣe. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tó fi ṣeé ṣe fún ọmọ àwọn ẹlòmíràn, wọn ò fèsì. Ìyá àgbà kú, wọn ò wá. Mo mọ̀ pé wọ́n ti lọ́kọ síbẹ̀ ni, wọn ò fẹ́ kí ọkọ náà mọ̀ pé àwọn ní ọmọ. Ó pẹ́ tí mi ò ti gbé ìpè wọn mọ́."

Afínjú jókòó sílẹ̀. Adúmáadán kò sọ ọ́! Ó gbà kí ọmọ inú òun kórìíra òun, kò sì dárúkọ ẹni tó ṣe é.

Ó lè dákẹ́. Ó ní òun kò ní parọ́ fún yín, ó wá sí òun lọ́kàn láti dákẹ́.

"Ọmọge," ló wí, "èmi ni. Èmi ni mo ba ọ̀nà rẹ jẹ́."

Ó sì sọ ọ́ tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò bu iyọ̀ sí i.

"Ṣé mọ́mì mọ̀?" ni ọmọ náà béèrè.

"Ó mọ̀. Ojú ẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́."

"Wọ́n mọ̀." Ẹkún wọ ohùn rẹ̀. "Àǹtí, mo ti sọ̀rọ̀ burúkú sí mọ́mì mi. Mo sọ fún wọn pé mi ò ní ìyá."

"Ọmọge, jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Ẹ gbé fóònù sílẹ̀, mà. Mo fẹ́ pe mọ́mì mi."

Afínjú gbé e sílẹ̀. Ó ṣì jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lórí ògiri. Ohun tí ìyá àti ọmọ sọ fún ara wọn lọ́jọ́ náà, kò mọ̀ ọ́n títí di òní. Kò sẹ́ni tó pè é láti sọ fún un.